Ọ̀sán Tó Sú Wọn

Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 11:1–17

Ẹ wo àkókò tí Bíbélì dá fún wa: ìrọ̀lẹ́ ni. Jóábù àti àwọn ọmọ ogun wà ní Rábà, Dáfídì sì dùbúlẹ̀ sílé títí oòrùn fi rọ̀. Ìgbà tó dìde, ó ń rìn kiri lórí òrùlé ààfin. Kì í ṣe torí obìnrin ló ṣe gòkè. Lójú tèmi, ilé ló sú u.

Bí mo bá ti ka ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Daisy ni ọkàn mi máa ń lọ, ìyàwó Tom Buchanan nínú The Great Gatsby, ìwé tí F. Scott Fitzgerald ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1925. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ funfun, wọ́n nà gbalaja sórí àga, wọn ò lè mira. Oúnjẹ wà, ọmọ-ọ̀dọ̀ wà, owó wà. Daisy wá figbe ta, ó ń bèèrè ohun tí wọn yóò fi ọ̀sán náà ṣe, àti ọ̀la, àti ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ti sú u!

Wọ́n kó sínú mọ́tò méjì, ó di New York, láìsí ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n gba yàrá ní Hòtẹ́ẹ̀lì Plaza, ọkọ Daisy àti Gatsby, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àtijọ́, sì ta kora. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé, Daisy ló wa ọkọ̀ Gatsby. Myrtle Wilson, ìyàwó mẹkáníìkì kan, sáré já sójú títì. Ọkọ̀ náà gbá a pa, kò sì dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Nick tó ń sọ ìtàn yọjú lójú fèrèsé. Daisy àti ọkọ rẹ̀ jókòó sí ilé ìdáná, adìyẹ díndín tó ti tutù wà láàárín wọn pẹ̀lú ìgò bíà méjì. Wọn ò jẹ, wọn ò mu, wọ́n kàn ń bára wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Wilson, ọkọ Myrtle, tó rò pé Gatsby ló pa ìyàwó òun, yìnbọn pa Gatsby, ó sì pa ara rẹ̀. Daisy ò fi òdòdó kan ránṣẹ́ síbi ìsìnkú.

A máa ń wàásù pé èṣù ló ń bẹ ọwọ́ tó dilẹ̀ níṣẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń san owó iṣẹ́ náà? Myrtle àti ọkọ rẹ̀ ò sí nídìí oúnjẹ ọ̀sán yẹn. Ùráyà, ọkọ obìnrin tí Dáfídì rí láti orí òrùlé tó sì bá sùn, ò gun òrùlé kankan. Ẹnu ọ̀nà ààfin ló sùn, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà ikú rẹ̀ tí Dáfídì kọ lọ fún Jóábù.

Èmi náà mọ ọ̀sán Sátidé tí iná lọ, tí mo ti wo gbogbo ohun tó wà lórí fóònù tán, tí mo wá ń wá ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀ da àárín ọ̀rẹ́ méjì rú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi ti gbàgbé.

Àdúrà: Olúwa, bí ọ̀sán òní bá sú mi, mú mi rántí Ùráyà. Bí yóò bá tilẹ̀ sú mi títí di alẹ́, jẹ́ kó sú mi lọ́dọ̀ rẹ, kí n má gbé e lọ sílé ẹlòmíràn. Àmín.