Àárò Sinimá Àtijọ́: Ìfẹ́ Ni Tàbí Ẹkún Lásán?

Ìgbà kì í lọ bí òréré, bẹ́ẹ̀ ni ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí ó jẹ́ àràmàǹdà lánàá a máa di ohun ìgbàgbé bí ó bá pẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ sinimá rí. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, orí fíìmù tí a ká sínú agolo ni àwòrán sinimá ń gbé. Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Fujifilm dáwọ́ ṣíṣe fíìmù tí a fi ń ya sinimá dúró. Síbẹ̀, àárò fíìmù ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn olùdarí bíi Christopher Nolan kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ irú àárò yìí tọ̀nà?

Àwọn kan yóò sọ pé kò tọ̀nà rárá, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí a ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976 àti Aiyé ti Hubert Ògúndé ní ọdún 1979, òkè òkun ni a ti ń ra fíìmù, òkè òkun náà ni a sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, agbára káká ni olówó pàápàá fi ń ṣe é. Fídíò ni ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn òṣèré tí owó wọn kò tó, kámẹ́rà òde òní tí kò lo fíìmù sì tún fẹ ilẹ̀kùn náà sí i. Ẹni tí ó bá ń ṣàárò ayé fíìmù, ayé tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sóde ni ó ń ṣàárò.

Àwọn mìíràn yóò fèsì pé kì í ṣe fíìmù gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ àwọn, bí kò ṣe ìwà tí ó kọ́ ènìyàn. Nítorí pé owó ni gbogbo ẹsẹ̀ bàtà fíìmù, òṣèré ní láti gbáradì dáadáa kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú; tọmọdé tàgbà a péjọ sínú gbọ̀ngàn kan, wọn a jọ rẹ́rìn-ín, wọn a jọ bẹ̀rù. Lónìí, ènìyàn lè dá wo sinimá tán lórí tẹlifóònù lábẹ́ aṣọ ìbora. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ìgbáradì àti ìpéjọ kò sí nínú agolo fíìmù; ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn lè fi ẹ̀rọ tuntun ṣe wọ́n.

Kín ni ó wá kù tí ó jẹ́ ti fíìmù nìkan? Àwọn iṣẹ́ tí a ti yà sí i ni. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba fíìmù jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa rùn bí ọtí kíkan. Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Hausa ní ọdún 1976, ni a ti rò pé ó sọnù, kí a tó rí i ní ọdún 2016 nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos. Kọ̀ǹpútà ni a fi tún un ṣe kí a tó fi í han àwọn òǹwòran ní Berlin ní ọdún 2018. Tuntun ni ó gba ògbólógbòó là. Síbẹ̀, tuntun náà kò ní ẹ̀mí àìkú: àwòrán inú kọ̀ǹpútà lè parẹ́ lójijì, nígbà tí fíìmù tí a tọ́jú síbi tútù tí ó gbẹ lè lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àárò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbèsè ni. Ẹni tí ó ń kẹ́dùn sinimá àtijọ́, tí kò bèèrè ibi tí agolo rẹ̀ wà, tí kò sì bìkítà bóyá òjò ń pa á, ìgbà èwe ara rẹ̀ ni ó ń ṣàárò. Ẹni tí ó wá a rí, tí ó nù ún, tí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò wò ó rí, òun ni ó fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tuntun ni ó fi ṣe é.