Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ Níwájú Fídíò

Nínú èdè Yorùbá, mímọ̀ yàtọ̀ sí gbígbàgbọ́. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì yé e, ni ó mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, tí ó gbọ́, tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé fọkàn tán tó. Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípò, olùkọ́ filọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ìwé ní 1986. Lójú àwọn oníṣègùn náà, ohun tí a kà nínú ìwé àti ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àgbà, ìgbàgbọ́ ni wọ́n, títí ẹni tó gbọ́ wọn yóò fi dán wọn wò tí ojú rẹ̀ yóò sì rí i. Ìgbà yẹn ni ìgbàgbọ́ di ìmọ̀.

Fídíò kò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan tààrà. Ojú ń rí nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń ṣe é, níbi tó jìnnà, lọ́jọ́ tó ti kọjá. Ó yẹ kí a bi ara wa bóyá rírí nìyẹn tàbí gbígbọ́ tó wọ aṣọ rírí.

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti múná tó iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fídíò kọ́ ánímésọ̀n, pàápàá ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní particle effects: èéfín, iná, eruku, òjò, gbogbo ohun tí kò ní ara kan pàtó. Ní ìlú Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ní Èkìtì, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí wẹ́dà yóò rí ọ̀gá ládùúgbò. Ọ̀gá tó ń fi kọ̀ǹpútà dá èéfín kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí YouTube ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá a pàdé, ọ̀gá tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun ní Emùré.

Iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ láyé. William Reeves ti ilé iṣẹ́ Lucasfilm ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1983, lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó fún ògiri iná tó bo pílánẹ́ẹ̀tì kan mọ́lẹ̀ nínú fíìmù Star Trek II ní 1982. A kò lè fi ìlà yí iná ká bí a ti ń ya ilé. Dípò kí wọ́n ya á, wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn di iná lójú ẹni tó ń wò. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe é, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan nọ́mbà rẹ̀, 1000 èérún ni yóò jáde láàárín àwòrán 1 sí 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì lo àwòrán 50 láyé. Bí àwòrán 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ayé èérún kan fi díẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Kí ó tó jáde ló ti gba ìpín rẹ̀: ìyára rẹ̀, ọ̀nà tí yóò tọ̀, ìgbà tí yóò pòórá. Ẹni tó ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa orí àti ìpín kò ní lè kọjá níbí láìdúró.

Èyí tó jọ kòńgẹ́ nínú rẹ̀ pàápàá, àṣẹ nọ́mbà ni. Nọ́mbà kan tí wọ́n ń pè ní Seed ló ń pinnu bí àwọn èérún yóò ṣe fọ́n ká. Bí òun àti àwọn nọ́mbà yòókù kò bá yí padà, ìfọ́nká náà kò ní yí padà. Èéfín tí olùkọ́ dá ní London àti èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ dà kọ ní Ìsẹ̀ yóò bára mu.

Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀ títí ó fi kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà yọ síta ju bí a ti ń rí lára ilẹ̀kùn lọ. Ẹni tó bá rí i kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bóyá ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ mọ igi, torí kò sí nọ́mbà tí a lè dà kọ tí igi yóò fi gbọ́. Bí ọwọ́ bá ṣì, igi á là. Iṣẹ́ tó jáde ni ẹlẹ́rìí ìmọ̀. Nínú iṣẹ́ èérún, ẹlẹ́rìí yìí kò sí: ẹni tó da nọ́mbà kọ yóò rí èéfín tó dára láìmọ ohun tó mú un dára. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ alára sì ti kúrò nílé. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum ló sì wà títí di òní, tó fi jẹ́ pé lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ti lè rí iṣẹ́ tí a ṣe fún ààfin ìlú wọn.

Àwọn agbẹ́gilére ní ọ̀rọ̀ tó lè tànmọ́lẹ̀ sí bí fídíò ṣe ń kọ́ni. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn Fadá Kátólíìkì ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣì lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ George Bámidélé. Fadá Kevin Carroll kọ orúkọ ìpele iṣẹ́ náà sílẹ̀: ọnà lílé, tí a fi ń lé ìrísí ńláńlá jáde, alétúnlé, tí a fi ń pín in sí wẹ́wẹ́, dídán, lẹ́yìn náà fífín, tí a fi ń fi ọ̀bẹ fa ìlà irun àti ilà ojú. Fífín ánímésọ̀n ni particle effects. Bí ènìyàn ṣe ń rìn, bí ohun tó wúwo ṣe ń balẹ̀, ìyẹn ni ọnà lílé rẹ̀. Eruku tó sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn. Fídíò a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí eruku, nítorí òun ló ń fa ojú mọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fín fún oṣù mẹ́ta lára igi tí ẹnikẹ́ni kò tíì lé ọnà rẹ̀. Àdánù gidi ni.

Fídíò kò sì lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ọ̀gá, ọ̀gá kò rí akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí yóò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣìṣe, kò sí ẹni tí yóò ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún un lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Àwọn tó ṣe fídíò ti gé wákàtí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ti gé iṣẹ́ tó bàjẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ó ju ìwé lọ: ọwọ́ olùkọ́ hàn nínú rẹ̀, a lè dá a padà nígbà ogún láìbínú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn là sílẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìyẹn ni dídán wò. Kí ó yí nọ́mbà kan tí olùkọ́ kò yí, kí ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bó ti wí, tí ó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ó ti mọ̀. Ẹlẹ́rìí kejì wà lẹ́yìn ilé. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí a kọ́kọ́ gòkè tààrà, a tẹ̀, a fẹ̀, a sì ṣí. Eruku ọyẹ́ a bo òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ láìsí pé ẹnì kan rí èérún kan ṣoṣo. Ojú tó ti wo ìwọ̀nyí dáadáa lè sọ pé nọ́mbà inú fídíò kò tọ̀nà fún èéfín gàrí, ohun tí olùkọ́ tí kò rí irú rẹ̀ rí kò ní lè sọ.

Ìṣirò tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì ni ìgbàgbọ́ tó kù, olùkọ́ inú fídíò pàápàá lè máà tíì wò ó rí. Láti 2002 ni wọ́n ti ṣí kóòdù Blender sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń kà á ní Ìkẹ́rẹ́ lè ṣí i, kí ó wá ibi tí a ti ń fún èérún ní ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.