Mánà Orí Páànù

Obìnrin kan nínú kíláàsì Bíbélì tí mò ń kọ́ níbí, ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ló gbé ìbéèrè náà kalẹ̀: "Bàbá Tíṣà, ọ̀fẹ́ ni Olúwa ń ran oòrùn fún wa lójoojúmọ́. Ẹ wá ń kó o sínú bátìrì. Ṣé ẹ ò gbà pé á tún ràn lọ́la ni?"

Ẹ́kísódù orí 16 ni mo ṣí fún un. Ẹni tó fi mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run ń rọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, pamọ́ di ọjọ́ kejì, ìdin ló bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì, nítorí ọjọ́ keje kò ní í sí nǹkan kan nílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ lọ́jọ́ náà kò sì rà. Ìpamọ́ kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Ìpamọ́ tí kò nídìí ni. Oòrùn náà ní ọjọ́ keje tirẹ̀: alẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kí a mọ ìwọ̀n tó yẹ ká fi pamọ́ yìí kan náà ni oníná tó bá mi ṣe sólà fi bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, kí lẹ fẹ́ máa tàn, fún wákàtí mélòó?" Gílóòbù márùn-ún oníwáàtì 5 fún wákàtí 6, ó di wáàtì-wákàtí 150. Fáànù oníwáàtì 20 fún wákàtí 8, ó di 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 310 lóru kan. Bátìrì olómi oní-fóltì 12, ámúpù-wákàtí 100, lè gba nǹkan bí 1,200, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á kọjá ìdajì lóòrèkóòrè, kì í pẹ́ kú. 600 ni tiwa.

Bí oòrùn bá mú, bátìrì á ti kún kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kọntirólà tó ń ṣọ́ bátìrì ò ní gba nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn làwọn aládùúgbò máa ń kó fóònù wá, tí wọ́n á sì máa súre fún mi. Oore wo ni mo ṣe? Ohun tí mo fún wọn, bí mo tilẹ̀ fẹ́ fi pamọ́, mi ò ríbi kó o sí.

Alẹ́ ìgbà òjò lọ̀rọ̀ wà, nígbà tí ìkùukùu ti bojú ọ̀run látàárọ̀, tí bátìrì ò sì kún dé ibi tó yẹ. Ọmọ tó ń múra WAEC á kanlẹ̀kùn: "Ẹ kú alẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kàwé díẹ̀." Bí yóò bá kàwé títí dé aago mọ́kànlá, mo ní láti pa fáànù, kí n máa fi páálí fẹ́ra. Ibẹ̀ loore ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń dín tèmi kù.

Ẹni tó bá rò pé oòrùn ọ̀la lè má ràn kò lè pa fáànù rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ń pa á. Kí ẹni tó fẹ́ mọ ìgbàgbọ́ mi wò ó níbẹ̀, kó fi bátìrì sílẹ̀.