Ẹni tí ó Mọyì Fàdákà

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá mọyì wúrà ni à ń tà á fún. Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ. Ó gbà pé ẹni tí ń ta wúrà mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé wàhálà rẹ̀ kò ju kí ó rí ẹni tí yóò mọyì rẹ̀ lọ. Bí olówó ọjà kò bá wá mọ ohun tí ó ń tà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń rà nìkan ni ó mọyì ọjà, gbèsè wo ni ó jẹ ẹni tí ń tà?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti le tó ibi òwò owó àtijọ́. Ní Ìfọ̀, níbi tí ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ti kọjá láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti ní Mowe òun Ìbafo, níbi tí ilé tuntun ti ń gba ilẹ̀ oko láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ẹbí ń ta ilẹ̀, wọ́n ń wó ilé amọ̀, wọ́n sì ń tú àpótí ìyá àgbà. Ohun tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè gbé pamọ́ kò ṣòro láti fojú inú wò: owó ẹyọ díẹ̀, onínní tí ó ní ihò láàárín, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè tí ó ní orí ọba, nítorí pé nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1973, kì í ṣe gbogbo ṣílè ni ó dé báńkì.

Púpọ̀ nínú wọn kò níye lórí, bí ó ti wù kí wọ́n dàgbà tó. Àjọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912 láti máa pèsè owó fún àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ojúlówó fàdákà rọ ṣílè rẹ̀ láti 1913. Nígbà tí ó di 1920, wọ́n yí i padà sí idẹ. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣílè ni ṣílè. Kí ṣílè wọ̀nyí tó dé, àwọn oníṣòwò etíkun a máa ná dọ́là fàdákà ti Spéènì àti ti Mẹ́síkò pẹ̀lú owó ẹyọ, títí ìjọba Èkó fi fi òfin lé e kúrò lọ́jà ní 1880. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà ni kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn parí sí.

Dọ́là Spéènì yìí kan náà ni Amẹ́ríkà wò ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, ọdún 1794, 1,758 péré ni ó jáde ní Philadelphia. Ní 2013, wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Èyí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù ni èyí tí wọ́n kọ 1804 sí lára. Irọ́ ni ọdún náà. Ní 1834 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́, kí ìjọba Amẹ́ríkà lè fi ta ọba Síámù, tí í ṣe Táílándì lónìí, àti ọba Muscat lọ́rẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọwó tún rọ òmíràn ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Díẹ̀ péré ni gbogbo èyí tí a mọ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: kò jọ pé dọ́là ni ẹni tí ó pa òwe náà ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó bá a mu. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ ní irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ ni ó mọ irọ́ náà, tí wọ́n sì mọ iye rẹ̀.

Ti Ìbafo kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero ará Róòmù kọ nípa irú rẹ̀. Oníṣòwò kan gbé ọkà dé erékùṣù Ródù nígbà ìyàn, ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ ọkà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kí ó sọ fún àwọn tí ń rà? Antipater ní kí ó sọ. Diogenes ará Bábílónì ní kò di dandan, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni dídákẹ́, ọ̀tọ̀ ni fífi nǹkan pamọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ni yóò fara mọ́ Diogenes, àwíjàre wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kàwé, tí ó ti fi owó ra ayédèrú títí ó fi dá ojúlówó mọ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Alájàpá tí ó mọ̀ pé obì yóò wọ́n lóṣù tí ń bọ̀ kì í kéde rẹ̀ fún àgbẹ̀ tí ó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì pè é ní olè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ ra owó àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Yóò ní, “Ẹ kú ilé o, Màmá. Ọmọ yín ni mí.” Ìyá yóò ní, “Wọlé, ọmọ mi, jókòó.” Ṣé èyí ti sọ wọ́n di ẹbí? Rárá o. Aláṣọ tí ń pe oníbàárà ní ọkọ òun kì í tìtorí rẹ̀ dín owó aṣọ kù sí ìdajì. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ohun tí ó ń yí ọ̀ràn padà ni ìbéèrè. Bí ìyá bá tú ìdì aṣọ, tí ó da fàdákà náà sórí ẹní, tí ó ní, “Ọmọ mi, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, èló ni o rò pé ó tó?”, wọ́n ti kúrò nídìí ìnájà. Ojú ọmọ náà ni ó fẹ́ fi wo owó rẹ̀. Bí ọmọ náà bá sọ iye tí ó kéré sí èyí tí ó mọ̀, kò dákẹ́ mọ́, ó ti purọ́; Diogenes pàápàá kò ní gbè é lẹ́yìn.

Bí ìyá bá fúnra rẹ̀ dá iye lé e ńkọ́? Ibẹ̀ ni ó le sí. Bóyá ọmọ náà lè san án. Ṣùgbọ́n kí ó má tún ná an. Ẹni tí ó mọ̀ pé owó tí wọ́n pè kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí ó fẹ́ rà, tí ó tún ń wí pé, “Ẹ dín in fún mi, Màmá,” ó ti sọ ìdákẹ́ rẹ̀ di ẹ̀tàn.

Òtítọ́ náà sì ní ewu tirẹ̀. Bí ọmọ náà bá sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀, ìjà lè dé sáàárín àwọn ọmọ ìyá nítorí ṣílè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lánàá. Ìyá fúnra rẹ̀ lè fura pé ó ku ohun tí kò sọ, kí ó di ìdì rẹ̀ padà, kí ó sì gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ, tí yóò fi ìwọ̀n gbà á, tí yóò sì yọ́ orí ọba àti ọdún kúrò lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà yóò ti wọ ọkọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo.