Ẹ̀rọ Lè Ríran. Ta Ni Yóò Tọ́jú?



Nígbà tí àwọn bàbá wa bá fẹ́ rọ ẹni tí inú ń bí pé kí ó ṣe sùúrù, wọn a ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Nínú gbogbo ẹ̀yà inú ara ènìyàn, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó ní sùúrù tó ẹ̀dọ̀. Òun ni ó ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu. Òun ni ó ń tọ́jú agbára pa mọ́ fún wa. Ó sì lè máa jìyà fún ogún ọdún láìké gbàjarè. Ṣùgbọ́n sùúrù yìí gan-an ni ewu rẹ̀. Nígbà tí ibà apọ́njú bá fi hàn ní ẹyinjú, tí ikùn bá sì wú nítorí omi, àrùn ti pẹ́ nínú ilé kí onílé tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ènìyàn mílíọ̀nù 254 ni ó ń gbé pẹ̀lú àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B ní ọdún 2022. Nínú gbogbo àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ní ọdún náà, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún jọ, 63 nínú wọn wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí àrùn yìí ń ṣe ni pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dọ́gbẹ́ sí ẹ̀dọ̀ lára. Ibi tí ọgbẹ́ bá ti jinná, àpá a dúró. Bí àpá bá sì pọ̀, ẹ̀dọ̀ a le. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti inú ìfun bọ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Bí odò tí a dí ti ń wá ọ̀nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò ya gba àwọn iṣan kéékèèké tí ó wà ní ọ̀nà ọ̀fun, àwọn wọ̀nyí yóò sì wú. Ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá bẹ́, aláìsàn yóò máa pọ ẹ̀jẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí 15 sí 20 nínú wọn ni kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láyé. Omi tún lè kún inú ikùn, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní asúnkùn. Jẹjẹrẹ pàápàá lè hù nínú ẹ̀dọ̀ tí ó ti le.

Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń wá ọ̀nà láti rí inú kí inú tó sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1895 ni Röntgen ṣe àwárí ìtànṣán X ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1971 ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT, iṣẹ́ ọwọ́ Hounsfield, ya àwòrán inú orí aláìsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le ni a ń gbà níyànjú pé kí ó máa ṣe skáànì ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí a lè tètè rí jẹjẹrẹ nígbà tí ó ṣì kéré. Ṣùgbọ́n àwòrán dàbí lẹ́tà: bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á, ìwé lásán ni. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà kò pọ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn wọn.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti wọlé. Àwọn onímọ̀ a máa fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí àwọn ọ̀gá oníṣègùn ti fi àmì sí han kọ̀ǹpútà, títí tí òun náà yóò fi mọ bí a ti ń fi àmì sí ti ẹlòmíràn. Ó lè wọn ẹ̀dọ̀ kí ó sì sọ bí ó ti tóbi tó; ó lè tọ́ka sí ojú dúdú kékeré kan tí ojú ènìyàn lè fò; a sì ti ń kọ́ ọ láti fi àwòrán CT fura sí iṣan ọ̀fun tí ó ti wú. Kì í rẹ̀ ẹ́, ebi kì í pa á, kì í sì kánjú lọ sílé.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò ni èyí: ó ha tọ́ kí a fi irú ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú báyìí lé ẹ̀rọ lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Oníṣòwò kan, ẹni ọdún 45, tí ó mọ̀ pé òun ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lára, lọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ fi àmì sí ojú kan tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Dókítà tí ó ní ọgọ́rin àwòrán láti kà ní ọjọ́ náà wò ó fìrí, ó ní kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́ lórí àwòrán ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọkàn dókítà kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni kí a gbà? Bí wọ́n bá ṣìnà tí aláìsàn sì kú, ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà?

Èdè wa ti là wá lójú díẹ̀ lórí èyí. Rírí àti wíwò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ là ni ó ń rí. Ẹni tí ó fi ọkàn sí i ni ó ń wò. Láti inú wíwò ni ìwòsàn ti jáde, àwọn àgbà a sì máa sọ níbi òkú pé àìsàn ni ó ṣeé wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú wá, ọ̀rọ̀ tí ojú wà nínú rẹ̀: ojú tí kì í kúrò lára ẹni títí ara yóò fi le. Ẹ̀rọ lè rí. Ó ku ẹni tí yóò wò. Ó ku ẹni tí yóò tọ́jú.

Àṣìṣe méjì ni ó wà ní ọ̀nà yìí. Èkíní ni ti ẹni tí ó kọ ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá, tí ó ní ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irin kọ́ òun níṣẹ́. Ìgbéraga ni èyí. Bí ohun kan bá wà tí ó lè fi ewu hàn mí lára ẹni tí ó fi ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, tí mo sì dijú sí i nítorí iyì ara mi, ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè ìgbéraga mi.

Èkejì ni ti ẹni tí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹnìkan lè bi mí pé, “Bí ẹ̀rọ bá ríran ju dókítà lọ, kí ni a tún ń fẹ́?” Ìdí mẹ́ta ni mo ní láti fi dáhùn.

Ìdí kìíní ni pé ohun tí a fi han ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀rọ tí a kọ́ láti mọ òtútù àyà nínú àwòrán. Wọ́n rí i pé ó ti kọ́ láti dá ilé-ìwòsàn tí àwòrán ti wá mọ̀, kì í ṣe àrùn nìkan. Nígbà tí a sì gbé e lọ sí ibòmíràn, ìgbà púpọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kò dára tó ti ilé. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ a máa mú àwọn tí kò tí ì dàgbà. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B àti májèlé èbù ara ẹ̀pà àti àgbàdo wà lára ohun tí ń fà á, nígbà mìíràn ẹ̀dọ̀ kò tilẹ̀ tí ì le. Ẹ̀rọ tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lára àwọn arúgbó òkè òkun, tí ọtí tàbí ọ̀rá ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, kò yẹ kí a gbà gbọ́ lórí ara wa kí a tó dán an wò lára wa.

Ìdí kejì ni pé ojú tí a kò lò a máa ṣú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, a tẹ ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Pólándì lórí àwọn dókítà tí ń yẹ inú ìfun wò. Kí wọ́n tó mọ ẹ̀rọ lò, wọ́n ń rí kókó tí ó lè di jẹjẹrẹ nínú bí 28 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti mọ́ wọn lára, nígbà tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò láìsí i, bí 22 ni wọ́n ń rí. Àwọn ọ̀gá tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ìdí kẹta ni ó wúwo jù. Ẹ̀rọ kò lè jẹ́bi. Ojú kò lè tì í, kò lè ronú pìwà dà, kò sì lè bá opó jókòó. Nítorí náà ni ìwé tí Póòpù Francis fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2025 lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá fi sọ pé ìpinnu lórí ìtọ́jú aláìsàn, àti ẹrù ìpinnu náà, gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ènìyàn nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Ní ti oníṣòwò wa, dókítà jẹ gbèsè láti tún àwòrán náà wò, kí ó sì pe ẹnìkejì sí i bí iyèméjì bá kù. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀gá fún un, bí kò ṣe pé iyèméjì tí ó kan ẹ̀mí kò ṣeé sùn lé lórí. Ní ti ẹnìkejì, dókítà kò gbọ́dọ̀ fi ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ ṣe ibi ìsádi. Ìlànà tí mo rí nìyí: ìkìlọ̀ ẹ̀rọ tó láti mú wa tún wò, kò tó láti mú wa gbé ọ̀bẹ, ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ kò sì tó láti mú wa sinmi. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Dókítà ni àgbà ọjà náà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹrù náà kò mọ sí ọrùn dókítà nìkan. Bí a bá ra ẹ̀rọ tí ó lè sọ fún tálákà pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń kú, tí a kò sì pèsè oògùn tí ó lè rà, ìròyìn ikú nìkan ni a fi ta á lọ́rẹ. Ẹ rántí ọkùnrin alásúnkùn tí Lúùkù mímọ́ sọ ìtàn rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó wà nídìí oúnjẹ ní ọjọ́ ìsinmi náà ni ó rí i. Olúwa nìkan ni ó dì í mú, tí ó wò ó sàn, tí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ. Rírí kò wọ́n ní ilé náà. Ọwọ́ tí yóò nà ni ó wọ́n.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti ní ojú. Ìyá tí ó bá bímọ, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Ẹni tí kò bá mọ ipò ara rẹ̀, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀pà tí ó ti bu, kí á dà á nù, kí á má ṣe tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Bí a bá sì gbọ́ pé àrùn yìí wà lára ẹnìkan, kí á má ṣe sá fún àwo rẹ̀: jíjẹun pọ̀ kì í ranni ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Kí á bá a jókòó, kí á béèrè ọjọ́ tí yóò tún lọ rí dókítà, kí á sì sìn ín lọ.