Ọlọ́run Kò Pa Gbèsè Náà Rẹ́, Ó Jẹ́ Kí N San Án



Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ lónìí kì í ṣe ti àìsàn, kì í sì í ṣe ti ọmọ bíbí. Ẹ̀rí gbèsè ni. Irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn-ún sọ níwájú pẹpẹ, nítorí ohun tí Ọlọ́run bá ṣe lójijì la máa ń fẹ́ gbọ́. Tèmi kò ṣẹlẹ̀ lójijì rárá.

Ẹ mọ̀ mí. Òkú Èkó ni mo ń tà ní àdúgbò Basin níbí. Ẹni tó bá ń ta òkú Èkó mọ̀ pé iná ni gbogbo ọjà òun: bí iná bá pẹ́ kó tó dé, ẹja á yọ́, owó á bá a lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí tuntun kò sì sí ní báǹkì, oníbàárà á wá, á yan ẹja tán, kò ní rí owó san. Tíránsífà náà kì í tètè wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà láwìn. Kí n tó gbọn ìyẹn nù, oṣù karùn-ún ti ń parí lọ, ìjọba kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ epo mọ́. Epo tí ilé epo ń tà ní iye tí kò tó ₦200 lé ní ₦500. Jẹnẹrétọ̀ wá ń jẹ èrè orí ẹja.

Ọ̀rẹ́ kan ló fi áàpù ayánilówó hàn mí. Wọn ò béèrè onídùúró, wọn ò béèrè ìwé ilẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà BVN, mo ya àwòrán ojú mi, owó wọlé. Wọ́n ti yọ èlé lára rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, ọjọ́ méje péré ni wọ́n sì dá fún mi. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo yá ti áàpù mìíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Mo tún yá ti ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí, mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń mi orí yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ gba owó tó pọ̀ díẹ̀ ní báǹkì kékeré kan, mo san díẹ̀, mo dáwọ́ dúró. Mo wá yọ síìmù mi jù nù. Lójú mi, bí wọn ò bá rí mi pè, ọ̀rọ̀ ti tán.

Òsómàáló ayé àwọn bàbá wa, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló ń lóṣòó sí títí tó fi máa gba owó aṣọ rẹ̀. Èyí tó bá mi, inú fóònù gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló lọ lóṣòó sí. Wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àna mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá akọrin wa tó jókòó yẹn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni mí. Ó dé ọ̀dọ̀ Àlàájà tí mo ti ń gba páálí ẹja. Àlàájà pè mí, ó ní, “Ìyá Ìbejì, mo rí fọ́tò ẹ o. Ṣé èmi náà wà lára àwọn tó dúró fún ẹ ni?” Ó fi ẹ̀rín sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, owó lọ́wọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ mi, kò sí àwìn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má gbàgbé: ohun tí wọ́n ṣe sí mi yẹn kò bófin mu. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ láti ọdún 2022 fún àwọn ayánilówó orí fóònù, kò sì sí àyè níbẹ̀ fún pé kí wọ́n máa bú onígbèsè fún àwọn tó wà nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ mí. Síbẹ̀ mo jẹ wọ́n lówó. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ọ̀kan kò pa ìkejì rẹ́.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ yá owó láti fi ra sólà fún fìrísà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà mí ní báǹkì tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dákẹ́, ó ní, “Mọ́mì, orúkọ yín ti wà lọ́hùn-ún.” Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wà ní Nàìjíríà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó yáwó àti bó ṣe san án: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Báǹkì àpapọ̀, CBN, ló pàṣẹ pé kí báǹkì wo ìwé àkọsílẹ̀ èèyàn láti ọ̀dọ̀ ó kéré tán méjì nínú wọn kó tó yáni lówó. BVN ni wọ́n fi ń mọ èèyàn. Èmi tí mo ju síìmù nù!

Kò tíì tán. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni CBN ti fún àwọn báǹkì tó ń yáni lówó lágbára ohun tí wọ́n ń pè ní GSI. Bó o bá jẹ gbèsè níbì kan, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì tó o ní ní báǹkì mìíràn. Owó ilé-ìwé tí bàbá àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ sí mi, kò sùn mọ́jú nínú àkáǹtì. Bí mo ṣe ṣàlàyé ìyẹn nílé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ẹnì kan wá bá mi pé òun mọ ẹni tó lè fọ orúkọ mi mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí n mú owó wá. Mo ti ń tu owó náà jọ nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìjọ. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí nípa opó tí Èlíṣà ràn lọ́wọ́: nígbà tí òróró kún gbogbo ìkòkò tán, kí ni wòlíì ní kó fi ṣe? Mo ní ó ní kó lọ tà á. Wọ́n ní, “Kó fi owó rẹ̀ ṣe kí ni?” Mo ní kó fi san gbèsè. Wọ́n ní, “Ó dáa, máa lọ.” Ẹ̀yin ará, ìdáǹdè mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo kọ gbogbo ẹni tí mo jẹ sínú ìwé kan. Mo ta fìrísà kan, mo ta léèsì tí mo fi ṣe ìsìnkú ìyá mi. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí báǹkì kékeré yẹn, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n dín ìtanràn kù, wọ́n sì gbà kí n máa san án lóṣooṣù. Ẹnikẹ́ni tí mo bá san tirẹ̀ tán, n kì í kúrò níbẹ̀ láìgba lẹ́tà pé n kò jẹ ẹ́ mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ lẹ́tà! Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ ìyáwó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé àkọsílẹ̀ tiwa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́, kí á sì ta kò ó bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gba tèmi, gbèsè kan tí mo ti san tán ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni pé n kò san kọ́bọ̀. Mo fi lẹ́tà àti rìsíìtì ránṣẹ́, wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí mo pẹ́ san lóòótọ́, wọn ò pa á rẹ́. Wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti san án. Ẹni tó bá ní òun á bá yín pa òótọ́ rẹ́ kúrò níbẹ̀, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ohun kan dùn mí. Gbogbo ọdún tí mo fi dá àjọ láìjẹ́ kí alájọ wá mi délé, kò fi nǹkan kan kún máàkì tí àwọn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yẹn fún mi, torí alájọ kì í ròyìn fún wọn. Àfìgbà tí mo yá owó táṣẹ́rẹ́ ní báǹkì kékeré mìíràn, tí mo ń san án kí ọjọ́ tó pé, ni máàkì náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run: báǹkì tó kọ̀ mí ti yá mi lówó sólà. Ó ti wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ẹja mi kì í yọ́ mọ́. Àlàájà náà ti ń fún mi ní páálí láwìn padà, òun tí kò wo ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọrẹ ìdúpẹ́ mi rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yọ síìmù bíi tèmi, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ gba ìwé tiyín, ọ̀fẹ́ ni ti ọdún yìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ká jọ kà á, ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.