Ta Ni Ó Ni Bátànì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ obìnrin lójú àwọn bàbá wa, nítorí ọ̀rọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹni tí ń tajà àti ẹni tí ń jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba fi ara balẹ̀ kà á, nítorí ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìbéèrè náà nìyí: bí a bá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí a sì fi ọgbọ́n ti ara wa kún un, nígbà wo ni ó tọ́ kí a wí pé, "Tèmi ni èyí"?

Iṣẹ́ kíróṣé ni ó gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa gbé ní Jọ́ọ̀sì níhìn-ín mọ bí òtútù ọyẹ́ ti ń rí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé yóò rò pé à ń ṣe àsọdùn ni, títí ilẹ̀ ọjọ́ kan yóò fi mọ́ tí eyín rẹ̀ yóò máa lu ara wọn. Nítorí náà fìlà òwú fún ọmọ-ọwọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ rà ni.

Màmá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ni wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ti sùn nínú Olúwa báyìí. Kò sí ìwé, kò sí pátákó. Wọn a jókòó lórí àpótí, èmi a jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja yóò wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Fún oṣù mẹ́ta, kìkì ṣéènì ni mo ń hun, tí mo sì ń tú. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ fìlà, èkínní rí tóóró bí ife, kò wọ orí ẹnikẹ́ni. Èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ sì ká kò bí ewé ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò dára. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ìṣirò rẹ ni."

Mo fẹ́ kọ ìṣirò náà sílẹ̀, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bí o bá fẹ́ fi ojú kúkurú hun ohun tí ó rí roboto, tí ó sì tẹ́ bí àwo, ojú 6 ni ìwọ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìyípo kejì, o ó hun 2 sínú ojú kọ̀ọ̀kan, yóò di 12. Ní ìyípo kẹta yóò di 18, lẹ́yìn náà 24, 30, 36. 6 ni à ń fi kún un nígbà gbogbo. Bí o bá fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí rẹ̀ yóò ká kò. Bí o bá sì dẹ́kun láti máa fi kún un, iṣẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ bí igbá. Ibi tí o bá ti dẹ́kun ni ó ń sọ bí orí tí yóò wọ̀ ọ́ ti tóbi tó.

Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ Màmá ni mo kàn ń wò ṣe. Ẹni tí ń wo ọwọ́ ṣe, bí ó bá ṣìṣe, kò mọ ibi tí àṣìṣe wà, àfi kí ó tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdí iṣẹ́ ni ó lè yí i padà.

Nígbà tí ó yá, mo rí i pé etí àwọn ọmọ máa ń wà ní gbangba nínú ọyẹ́, nítorí fìlà ń yọ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí n ó ti fi etí méjì sí fìlà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú okùn tí a ó so lábẹ́ àgbọ̀n. (Èrò etí náà pàápàá, níbo ni mo ti rí i bí kò ṣe lára abetí-ajá àwọn bàbá wa?) Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ìgbà mẹ́rin ni mo tú u. Nígbà kan, etí méjèèjì bọ́ síwájú, ó bo ọmọ lójú. Nígbà mìíràn, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Mo ra ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan, mo sì ń kọ iye ojú sínú rẹ̀ lóru lẹ́yìn tí àwọn ará ilé ti sùn. Nígbà tí ó gún régé, inú mi dùn bí aboyún tí ó bímọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń fi orúkọ mi pe fìlà náà. Mo sì ń jẹ́ ẹ. N kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí mo kọ́ ní iṣẹ́ yìí láìgba kọ́bọ̀. Ní ọyẹ́ ọdún kan, mo rí fìlà mi lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jà, ó ń tà á ní owó tí ó kéré sí tèmi. Ìyẹn nìkan kọ́ ni ó dùn mí. Oníbàárà kan bi í léèrè níṣojú mi pé ta ni ó ṣe bátànì yìí. Ó dáhùn pé, "Èmi ni, mà. Orí ara mi ni mo fi rò ó."

Ará, mo bínú. Mo jókòó nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, n kò gbọ́ ohun tí oníwàásù sọ. Mo pinnu pé n kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo tọ bàbá kan nínú ìjọ lọ, tí wọ́n mọ̀ nípa òfin, mo bi wọ́n bóyá n kò lè pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní òfin tí ó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti ti oníṣẹ́-ọnà ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí ti ọdún 2022, kò fi èrò lásán tàbí ọ̀nà tí à ń gbà ṣe nǹkan ṣe ohun ìní ẹnì kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tí mo kọ ni ó dà kọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú 6 tí ó di 12, ti gbogbo ayé ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí ní ohun tí òfin kò béèrè: "Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá? Nígbà tí wọ́n ń fi orúkọ yín pe fìlà náà, ẹ dárúkọ Màmá fún wọn rí?"

N kò dárúkọ wọn rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1845, àrùn kọlu ọ̀dùnkún ní ilẹ̀ Ireland, irú ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń gbìn ní Plateau yìí náà ni, ìyàn ńlá sì mú. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kọ́ àwọn obìnrin ní kíróṣé kí wọ́n lè rí owó jẹun. Ní ìlú Clones, ìyàwó àlùfáà kan, Cassandra Hand, dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1847. Òdòdó àti ewé ni wọ́n ń hun lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Wọ́n sọ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní òdòdó tirẹ̀, wọn a sì fi iṣẹ́ pamọ́ bí àlejò bá wọlé. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí oúnjẹ ọmọ wọn ni ó wà nínú òdòdó náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: iṣẹ́ tí wọ́n ń fi pamọ́ yẹn, àfarawé léèsì tí àwọn ará Venice ní Ítálì ti ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣe láti ayé àtijọ́ ni. Ohun tí wọ́n wò ṣe ni wọ́n ń sé mọ́ ẹlòmíràn. Ní àkókò yẹn kan náà, obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Eléonore Riego de la Branchardière, ń tẹ iye ojú bátànì rẹ̀ sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè rà á. Ìwé tí ó tẹ̀ ju 70 lọ, orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn.

Nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 35, Mósè sọ pé Ọlọ́run fún Bésálẹ́lì ní ọgbọ́n iṣẹ́, kò sì dúró síbẹ̀: ó ní Ọlọ́run tún fi sí i lọ́kàn láti máa kọ́ni. Mósè tìkára rẹ̀ kọ́, a fi àpẹẹrẹ àgọ́ hàn án lórí òkè ni. Nígbà tí Dọ́kásì sì kú ní Jọ́pà, aṣọ tí ó dá ni àwọn opó kó jáde fi han Pétérù, wọ́n ń sunkún. Wọn kò gbàgbé ọwọ́ tí ó dá a.

Nítorí náà, lójú tèmi, kíkọ́ láti ara iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe olè. Orúkọ tí a gbé mì ni olè. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí mò ń wí: akọ̀wé kékeré a fi òru kọ lẹ́tà, ọ̀gá a bu ọwọ́ lù ú, wọn a sì yin ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí dí mi lẹ́nu nípa owó o. Ẹ̀rọ lè hun súwẹ́tà; kíróṣé gidi, ọwọ́ ènìyàn ni a ṣì fi ń ṣe é. Kò sí fìlà kíróṣé kan tí ẹ lè nà ní ìnákúnàá lọ́jà tí ẹnì kan kò jókòó tì.

Mo lọ sí ilé ọmọbìnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀bi tèmi ni mo kọ́kọ́ sọ, nípa Màmá. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo ṣe ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wo okùn rẹ̀."

Mo wò ó. Nínú fìlà tèmi, mo máa ń hun okùn lọ́tọ̀, n ó sì rán an mọ́ etí. Bí ìyá ọmọ bá fọ̀ ọ́ díẹ̀, okùn a tú. Òun kò rán an. Ó ń dín ojú etí kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku ojú kan, láti inú ojú kan yẹn ni ó sì ti ń fa ṣéènì okùn jáde láìgé òwú. Fún ọdún mẹ́fà tí mo fi ń hun fìlà yẹn, èyí kò wá sí mi lọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń hun tèmi báyìí. Bí oníbàárà bá béèrè, mo ń wí fún un pé orí rẹ̀, ti Màmá ni. Etí rẹ̀, tèmi. Okùn rẹ̀, ti ọmọbìnrin tí ń tajà ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún. Àwọn mìíràn a ní fìlà ni àwọn wá rà, àwọn kò wá gbọ́ ìtàn. Òun náà ti ń dárúkọ wa, mo ti fi etí mi gbọ́ ọ. Ti owó nìkan ni a kò tíì fi ẹnu kò lé lórí. Ó ṣì ń tà á ní iye tí ó kéré sí tèmi, mo sì ti sọ fún un pé a ó tún jókòó sọ ọ́ kí ọyẹ́ tó dé.